Ọ̀rọ̀ Tó Há Sínú Pọ́tábù Bàbá Katikíìsì

Ẹ̀yìn pọ́tábù náà gbóná lọ́wọ́ mi bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè gbé e sílẹ̀. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi ní Lèma ni mo jókòó sí, níbi tí rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti máa ń wá tó sì máa ń lọ bó ṣe wù ú. Mo tẹjú mọ́ gíláàsì tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mo ń retí kó sọ fún mi pé òun ti gbà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti lo ọdún méjì ní yunifásítì, mo ti kọ́ díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà, díẹ̀ yẹn sì ti kún mi lórí débi pé lójú tèmi kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ láti Ìdáàṣà títí dé Glazoué. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tiẹ̀ tíì ní aṣọ náà. Orí fídíò ni mo ti rí i.

Pọ́tábù ni à ń pe fóònù alágbèéká lọ́dọ̀ wa. Èyí tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tèmi, ti Bàbá Katikíìsì ni, àbúrò ìyá àgbà mi. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní katikísímù láti abúlé dé abúlé, ó sì ti gun kẹ̀kẹ́ dé Aklampa lójò lẹ́ẹ̀rùn kí orúnkún rẹ̀ tó sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò rán an: ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Èdè Ìdáàṣà tiwa bá Yorùbá inú ìwé tan, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń dún lẹ́nu wa. Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ èyí kí gbogbo yín lè bá mi kà á. Bàbá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi Faransé lé ọ̀rọ̀ baba wọn jáde nílé. Nítorí náà, bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu arúgbó lóko, á dúró, á yọ pọ́tábù lápò, á tẹ ọ̀rọ̀ náà síbi ìkọ̀wé kan tó wà nínú rẹ̀, á tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹ bá ń bá Bàbá Katikíìsì sọ̀rọ̀, ẹ di ẹnu yín mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ ibi ìkọ̀wé yẹn, ó ṣí, ó sì pa dé lójú ẹsẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún pa dé. Ohun tó kọ sójú gíláàsì ni *mémoire insuffisante*, ìyẹn ni pé ààyè ò tó mọ́. Bàbá pa àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó pa àwọn orin rẹ́, síbẹ̀ kò ṣí. Ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún pọ́tábù ṣe lọ́jà Ìdáàṣà, Mùsùlùmí tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ṣakí. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Bàbá, ohun tó kù ni kí á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á." Bàbá gba pọ́tábù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú sódò, ó sì gba ilé wa wá tààrà.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n," ló wí nígbà tó jókòó. "Tèmi kún pọ́tábù."

Mi ò jẹ́ kó mí tán kí n tó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ruté rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ yunifásítì ń pè é. Ìyá àgbà mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, gbé orí sókè. *Route* ni òun gbọ́, ọ̀nà ọlọ́dà tí àwọn mọ́tò ń gbà lọ sí Parakou. Ó ní, "Ọkọ mi, ibo lo fẹ́ gbé pọ́tábù àbúrò mi lọ?"

Mo ní kò síbi tó ń lọ, pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé gbòǹgbò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tún wá burú sí i, nítorí Bàbá béèrè bóyá ṣe ni mo fẹ́ hú u. Mo wá fi ilé ṣe àkàwé. Mo ní ẹni tó ra pọ́tábù dà bí ayálégbé. Ó ń sùn níbẹ̀, ó ń dáná níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá kan wà tí onílé tì pa tó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Inú yàrá yẹn gan-an ni ibi ìkọ̀wé ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sí. Bí a bá ruté rẹ̀, ayálégbé á di baálé ilé fúngbà díẹ̀, á ṣí yàrá, á kó ẹrù rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà a ó da àwọn ẹrù tí onílé kó síbẹ̀ nù, kí ààyè lè wà.

Bàbá wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fi ìka mi kọ ọ́, àbí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó mi orí. "Ó dáa, di baálé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù níbẹ̀, ọwọ́ rẹ ni n óò ti béèrè rẹ̀."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé tó bá dọ̀la màá dá a padà. Ọ̀la yẹn gba ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀.

Ohun tí fídíò kọ́kọ́ fi hàn mí ni pé kí n tú ìdè tí wọ́n fi de pọ́tábù látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Mo fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo kọ àṣẹ tí wọ́n ní kí n kọ. Ojú pọ́tábù dúdú, ìlà kéékèèké mélòó kan sì jáde ní Faransé. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè ni *oui*, bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ ni *non*, rárá. Ẹni tó mọ̀wé kì í ka ìwé tó gùn, bẹ́ẹ̀ ni mo rò nígbà náà. Ìka mi ti wà lórí *oui* kí ojú mi tó kan ọ̀rọ̀ kan láàárín àwọn ìlà náà: *effacer*. Pa rẹ́. Mo wá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tú ìdè náà, gbogbo ohun tó jẹ́ ti onípọ́tábù ni yóò pa rẹ́, kí olè tó bá fipá ṣílẹ̀kùn má bàa rí nǹkan kan kó. Ó bọ́gbọ́n mu, àfi pé àwa kọ́ ni olè. Ohun tí ọkùnrin ọjà yẹn fi ọ̀wọ̀ béèrè, èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ *non*, mo sì jókòó síbẹ̀ títí àyà mi fi balẹ̀.

Ìbẹ̀rù yẹn ò pẹ́ lára mi. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, inú mi ń dùn. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, mo fẹ́ mọ irú ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn náà àti irú ẹni tó kọ́kọ́ wá ihò tó gba inú rẹ̀ wọlé. Mo ń gun orí àpáta láràárọ̀, mo ń fi pọ́tábù tèmi ka ohun tí àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí kọ láti ilẹ̀ tí mi ò dé rí. Ẹnì kan ní Bràsíìlì, ẹnì kan ní Índíà, gbogbo wa ń kan ilẹ̀kùn kan náà. Níkẹyìn mo rí irinṣẹ́ kan tí wọ́n ní kò ní pa nǹkan kan rẹ́, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni èèyàn máa tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Pọ́tábù gbóná. Ó ronú, ó ronú, ó kọ *succès*, pé ó ti yọrí. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta, mo ń pariwo sí ìyá àgbà pé mo ti di baálé. Mo wá lo irinṣẹ́ kejì, èyí tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni, ohun tó sì kọ fún mi ni *su introuvable*: kò rí su.

Orúkọ fáìlì kékeré kan ni su. Òun ló ń sọ ayálégbé di baálé. Bí èèyàn bá tẹ s tó tẹ u, ó yẹ kí pọ́tábù jọ̀wọ́ gbogbo ara rẹ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì bi wá léèrè ohun tí su jẹ́ lẹ́nu àwa tí à ń pe ṣu ní su kí wọ́n tó sọ ọ́. Ìyá àgbà béèrè ohun tó dé tí ojú mi fi yí padà. Mo dáhùn láìronú pé, "Pọ́tábù náà ò rí su, ìyá."

Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé ìyá àgbà mi ni gbogbo abiyamọ àdúgbò ń gbé ọmọ wá bá bí inú bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bó ṣe máa ń bi ìyá ọmọ ló ṣe bi mí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Kí ló jẹ kẹ́yìn?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Bàbá Katikíìsì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni ìyá àgbà wí. "Ọmọ tí kò bá rí su, ẹ má da àgbo mìíràn lé èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó jẹ."

Ní ọjọ́ kejì, mo da àgbo mìíràn lé e. Mo rí fáìlì kan níbi tí àwọn èèyàn ti ń jíròrò, ẹnì kan búra pé pọ́tábù òun ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú tiwa, pé fáìlì náà ni òun fi ruté tòun. Mo fi okùn tì í wọlé láti inú kọ̀ǹpútà. Pọ́tábù kú, ó tàn, ó gbé àmì àwọn tó ṣe é sójú, ó kú. Ó tún tàn, ó gbé àmì náà sójú, ó tún kú. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti àárọ̀ títí ìdí bátìrì fi gbẹ. Mo yọ bátìrì, mo dá a padà. Mo tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo tẹ méjì pọ̀, mo tẹ mẹ́ta pọ̀. Ó ń tàn, ó ń kú.

Báyìí ló ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ mélòó kan. Láràárọ̀, bí Bàbá Katikíìsì bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lẹ́yìn míísà, á gba ẹ̀yìnkùlé wá bá mi lórí àpáta láìkọ́kọ́ wọlé. Á dúró nísàlẹ̀, á gbé ojú sókè. "Àwọn ọ̀rọ̀ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, bàbá."

"O rí wọn?"

"N óò rí wọn, bàbá."

Á ní ó dáa, á sì máa lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irọ́ pọ̀ lọ́kàn, pé pọ́tábù náà ti dàgbà, pé fúnra rẹ̀ ló kú, pé bó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì bá tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti to irọ́ náà débi tó fi ń dùn létí mi.

Ohun tó gbà mí ni ọmọ kan tí wọ́n gbé wá bá ìyá àgbà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí inú rẹ̀ le bí òkúta. Inú ilé ni mo wà, mo gbọ́ bó ṣe bi ìyá ọmọ náà pé kí ló jẹ kẹ́yìn. Obìnrin náà ní ẹ̀kọ ni, kò ju ẹ̀kọ lọ, ẹ̀kọ tó ń jẹ lójoojúmọ́. Ìyá àgbà ní, "Ẹ̀kọ wo? Ta ló sè é?" Ó tún bi í síwá bi í sẹ́yìn, ó wá hàn pé obìnrin náà lọ sọ́jà Glazoué lánàá, pé ẹ̀kọ ẹ̀bá ọ̀nà ló rà fún un níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń sè nílé. Ìyá àgbà ní, "O rí i? Orúkọ wọn jọra. Ìkòkò wọn ò jọra."

Mo dìde. Mo yọ ìdérí ẹ̀yìn pọ́tábù, mo yọ bátìrì, mo gbé e lọ sínú oòrùn kí n lè ka lẹ́tà tíntìntín tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ pọ́tábù Bàbá rí bí ti ẹni tó búra yẹn láti òkè délẹ̀, àfi pé B ló parí tirẹ̀, D ló parí tiwa. Lẹ́tà kan ṣoṣo. Orí mi wú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ti fi ń tẹ bọ́tìnnì, ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B sì ti bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi láti ọjọ́ kìíní.

Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó rí fáìlì àbáláyé tó jẹ́ ti D, èyí tó wà nínú rẹ̀ láti ilé àwọn tó ṣe é. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́, kò lè dúró láìsí iná, nítorí náà mo dúró di ọ̀sán tí iná fara balẹ̀ kí n tó so okùn. Ìyá àgbà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ń wo gílóòbù òkè àjà bí ẹni pé ojú òun ló ń dá iná dúró. Fáìlì wọlé tán. Pọ́tábù tàn, ó gbé àmì sójú. Mo ń retí kó kú. Kò kú. Ó dún, ó ṣí, àwòrán Màríà Mímọ́ tí Bàbá fi sójú rẹ̀ sì yọ.

"Ó ti su?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Kò tíì su, ìyá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."

Lọ́tẹ̀ yìí mo ka gbogbo ìlà. Mo wá fáìlì su tó jẹ́ ti D, mo wo lẹ́tà ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fi í wọlé. Nínú fèrèsé dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ, àmì dọ́là ló máa ń ṣáájú ohun tí ayálégbé bá kọ. Mo tẹ s, mo tẹ u. Àmì dọ́là lọ, àmì mìíràn sì rọ́pò rẹ̀, igi méjì lóòró, igi méjì ní ìbú. Ẹni tó bá rí àmì yẹn ti di baálé. Inú mi dùn débi pé mi ò lè pariwo.

"Ó ti su, ìyá."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà," ni ìyá àgbà wí, ó sì padà sídìí iṣu tó ń bẹ.

Mo wọ yàrá tí wọ́n tì pa yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kò wúwo tó àwòrán kan ṣoṣo. Ẹrù onílé ló kún ilé: eré tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, ìpolówó, oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n kó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sì fún Bàbá láṣẹ láti yọ. Mo kó ọ̀rọ̀ jáde sínú kọ̀ǹpútà mi, mo da ẹrù onílé nù, mo tẹ ibi ìkọ̀wé. Ó ṣí, kò sì pa dé. Iṣẹ́ parí. Ó yẹ kí n dìde nígbà náà kí n gbé pọ́tábù lọ fún olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tó kọ. Ìfẹ́ láti mọ̀ náà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dára láti kà. Orúkọ ihò orí àpáta tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò wà níbẹ̀. Orúkọ iṣu tí a kì í sè fún àlejò. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wà lọ́jà nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ tán. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àti oko tó ti gbọ́ ọ. Mo ń kà á sókè fún ìyá àgbà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa máa ń pè é. Nígbà tó yá, mo rí orúkọ iṣu tí a kì í sè fún àlejò lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rí i lẹ́ẹ̀keje, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan pé, "Mo gbọ́ ọ lónìí, n kò ní in tẹ́lẹ̀." Mo rò pé àṣìṣe ibi ìkọ̀wé ni. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa yọ àwọn àṣetúnṣe náà dànù, kí iṣẹ́ mi lè mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́. Ó kọ: "Ṣíbí: ohun tí a fi ń bu ọbẹ̀." Ó kọ: "Ọ̀nà ilé: bí o bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, yà síhà igi mángòrò." Ó kọ: "Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lábẹ́ ìrọ̀rí." Èyí tó kọ kẹ́yìn, tó kọ ọ́ sọ́tọ̀ gedegbe pẹ̀lú ààyè lókè àti nísàlẹ̀, ni: "Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án: ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa. Má bi í pé ta ni."

Mi ò ka àwọn yìí sókè.

"Ka ìyókù," ni ìyá àgbà wí.

"Ó ti tán, ìyá."

"Kò tíì tán. Mo ń wo ojú rẹ."

Mo kà á fún un. Ó ń bẹ iṣu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ó ní, "Láàárọ̀, ó mọ gbogbo wa. Bí oòrùn bá ti kanrí ni ó máa ń ṣú fún un. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí pọ́tábù dé ọwọ́ rẹ, mo gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dìde fún mi, ó ní ẹ káàbọ̀, ìyá, ta ni kí n sọ pé ó rán yín wá? Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mi ò wá mọ ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó fi ń mọ̀ mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ni ǹ bá sọ fún ọ, ọkọ mi? O ń wá su."

Kò fi bú mi. Bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́. Ó wo ìta, ó rí i pé ọ̀sán ti ń pọ́n, ó ní kí n tètè gbé pọ́tábù náà lọ, kí n ṣáájú òun, pé òun ń gbé oúnjẹ bọ̀.

Mo sáré. Ìbòòji ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo bá Bàbá, ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi pọ́tábù lé e lọ́wọ́. Kò bi mí bí mo ṣe ṣe é, kò sì bi mí bóyá ọ̀rọ̀ kan sọnù. Ó ṣí i, ó fi ìka tì í lọ sísàlẹ̀ kíákíá, ó kọjá àwọn iṣu, ó kọjá àwọn àpáta, títí ó fi dé ìparí pátápátá. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ìyá àgbà mi yọ níbi igi mángòrò pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, Bàbá ti dìde dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ káàbọ̀."

"Jẹun kó tó tutù," ni ìyá àgbà dá a lóhùn.

Parakou ni mo ń gbé báyìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo sì ń ṣe. Bàbá Katikíìsì lo ọdún mẹ́ta sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní ìparí, kíkà pàápàá kò ràn án lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò fi pọ́tábù náà sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Sístà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì ní kí n bá òun yọ àwọn àṣetúnṣe kúrò àti àwọn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo yọ wọ́n kúrò nínú èyí tí mo fún un. Mi ò yọ wọ́n kúrò nínú tèmi.

Bàbá ò mọ̀ pé mo kà á, mi ò sì sọ fún un títí ó fi kú. Mo máa ń ṣe ìṣirò kan nígbà míràn bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni pọ́tábù rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ mi. Láàárín ìgbà yẹn mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Bràsíìlì àti Índíà ohun gbogbo tó ń bẹ nínú pọ́tábù, mi ò sì bi ẹni tó ni ín lẹ́ẹ̀kan pé kí ló fẹ́ fi àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìyá àgbà mi fi gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ ìyá rẹ̀, tí ìyẹn ń dìde kí i bí àlejò, tí òun sì ń padà wálé láìsọ nǹkan kan fún mi. Ó ṣì ń dùn mí.